Fáìlì ń wọ́ bí ìgbín láti orí sẹ́fà ilé: bí ẹ ṣe máa wá ibi tó ti há

Fídíò ìgbéyàwó kan tó tó 20 GB wà lórí sẹ́fà ní pálọ̀. Ẹ jókòó sí yàrá, ẹ fẹ́ gbé e wá sórí láptọ́ọ̀pù, ó ní ó ku wákàtí méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Wuse 2 ní Abuja, wọ́n á ra ráútà tuntun, wọ́n á délé, wọ́n á so ó mọ́, wákàtí méjì náà á ṣì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ráútà ló ń ṣe wọ́n, owó sì ti jáde lápò.

A kọ èyí fún ẹni tó ní sẹ́fà kékeré nílé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo ilé: bóyá àpótí dísìkì tí wọ́n ń so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí wọ́n ń pè ní NAS, bóyá kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi Linux sí, bóyá Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kékeré, tí wọ́n so háàdì dísìkì mọ́. Ilé tó wà lọ́kàn wa ni irú èyí tó pọ̀ ní Kubwa, Lugbe, Gwarinpa àti Nyanya, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gba inú SIM wọlé, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí ògiri sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ibi mẹ́ta péré ni fáìlì ń gbà kọjá: dísìkì inú sẹ́fà, ojú ọ̀nà tó wà láàárín, àti dísìkì láptọ́ọ̀pù tó ń gbà á. Èyí tó lọ́ra jù nínú wọn ló ń pinnu bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa yá tó. Ẹ dán wọn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó ń yọ

Ẹ gbé fáìlì ńlá kan ṣoṣo, ó kéré tán 4 GB, láti orí sẹ́fà sórí láptọ́ọ̀pù. Lórí Windows, ẹ tẹ "More details" nínú fèrèsé tó ń fi iṣẹ́ náà hàn, ẹ máa rí iye MB tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó gba nọ́ńbà náà gbọ́, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ.

Ẹ ṣọ́ lẹ́tà B. Àwọn tó ń ta ráútà máa ń kọ Mb, b kékeré, ìyẹn bit. Kọ̀ǹpútà ń kọ MB, B ńlá, ìyẹn byte. Bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan. Nítorí náà, ìsopọ̀ 100 Mb/s kò lè gbé ju 12.5 MB/s lọ láéláé, tí ẹ bá sì yọ ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń jẹ, ó máa ku bí 11 sí 11.8. Ti 1000 Mb/s, tí wọ́n ń pè ní gigabit, máa ń gbé 110 sí 118 MB/s. Fídíò 20 GB yẹn á gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí gigabit, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí 100 Mb/s, á sì ju wákàtí méjì lọ tó bá jẹ́ 2.5 MB/s ni.

Nọ́ńbà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ àrùn náà fúnra rẹ̀. Tó bá dúró gbọn-in sí 11, tí kò lọ sókè tí kò lọ sílẹ̀, ibì kan lójú ọ̀nà ti rẹlẹ̀ sí 100 Mb/s, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wáyà ni tàbí ihò ráútà. Tó bá wà láàárín 30 sí 40, ẹ wo ibi tí ẹ so háàdì dísìkì mọ́. Ihò USB 2.0 ni ẹ máa bá a. Tó bá ń fò láàárín 1 sí 6, Wi-Fi 2.4 GHz ni. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 110 dáadáa, tó wá já sí 20 tàbí òdo lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, dísìkì ni. Tí fáìlì ńlá bá sáré, àmọ́ tí fódà tó kún fún fọ́tò kò kúrò lójú kan, ẹ má fọwọ́ kan wáyà rárá, ọ̀rọ̀ ẹ wà nísàlẹ̀. Tó bá sì jẹ́ 110 ló dúró sí, kò sí ohun tó ń ṣe sẹ́fà yín. Gbogbo ohun tí ọ̀nà náà lè gbé ló ń gbé yẹn.

Ṣé inú ilé ni fáìlì náà ń gbà ṣá?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì níbi tí a ti ń fi owó ra dátà. Ọ̀pọ̀ àpótí NAS ló ní áàpù tó ń jẹ́ kí èèyàn rí fáìlì rẹ̀ láti ibikíbi. Tí áàpù náà kò bá rí ọ̀nà tààrà, ó máa gbé fáìlì yín jáde lọ sí sẹ́fà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lókè òkun, kó tó gbé e padà wọ yàrá yín. Sẹ́fà wà ní pálọ̀, ẹ̀yin wà ní yàrá, fáìlì ti rìnrìn àjò dé òkè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, dátà yín ló sì fi wọkọ̀ lọ, tó fi wọkọ̀ bọ̀.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Nígbà tí fáìlì ń wọlé lọ́wọ́, ẹ wọ ojú ìwé ráútà, ẹ pa dátà SIM rẹ̀, ẹ má pa ráútà fúnra rẹ̀. Tí fáìlì náà bá ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, inú ilé ló wà. Tó bá dúró, ẹ ti rí olè náà. Ẹ pa áàpù yẹn tì, kí ẹ fi àdírẹ́sì sẹ́fà pè é tààrà. Lórí Windows, ẹ kọ ọ́ sójú ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ fódà báyìí:

\\192.168.1.20

Ẹ fi àdírẹ́sì tiyín rọ́pò rẹ̀. Lórí sẹ́fà Linux, àṣẹ "ip a" á fi hàn yín. Tí VPN, ètò tó ń gbé ìsopọ̀ yín gba sẹ́fà mìíràn kọjá, bá wà lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ pa á kí ẹ tó dán an wò. Ohun kan náà tún wà tó máa ń da ilé rú: ráútà méjì. MiFi kan wà lójú fèrèsé, ráútà mìíràn wà ní pálọ̀, láptọ́ọ̀pù ti so mọ́ èyí, sẹ́fà so mọ́ tọ̀hún. Tí àdírẹ́sì ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.8 tí ti èkejì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, wọn kò sí nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ẹ so àwọn méjèèjì mọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ má sì lo Wi-Fi àlejò fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n dìídì ṣe é kí àlejò má lè rí àwọn ẹ̀rọ inú ilé ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ "ping 192.168.1.20", àṣẹ tó ń wọn bí sẹ́fà ṣe ń tètè dáhùn tó. Lórí wáyà, ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 1 ms, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lórí Wi-Fi, 2 sí 10 kò burú. Tó bá ń fò lọ sí 200, tàbí tó ń sọ pé "Request timed out" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wàhálà ti wà lójú ọ̀nà kí fáìlì tó gbéra.

Wáyà

Ibí ni ọ̀pọ̀ àìsàn sẹ́fà ilé ń gbé, ó sì jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn kì í wò, torí pé iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò wáyà ń tàn.

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní okùn tín-ín-rín mẹ́jọ nínú, wọ́n lọ́ wọn ní méjì-méjì. Ìsopọ̀ 100 Mb/s ń lo mẹ́rin péré: èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹfà. Gigabit ń fẹ́ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nítorí náà, tí ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún, èkeje tàbí ẹ̀kẹjọ bá gé, iná á ṣì máa tàn, íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sọ ara wọn kalẹ̀ sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń lo dátà 20 Mb/s kò ní mọ̀ láé, àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ gbé fáìlì ńlá.

Lórí sẹ́fà Linux, ẹ kọ:

sudo ethtool eth0 | grep -E "Speed|Duplex"

Orúkọ ihò yín lè má jẹ́ eth0. Àṣẹ "ip a" á sọ ọ́. Ohun tí ẹ ń fẹ́ rí ni "Speed: 1000Mb/s" àti "Duplex: Full", ìyẹn pé ó ń rán, ó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí Windows, ẹ ṣí PowerShell kí ẹ kọ Get-NetAdapter, ẹ wo abẹ́ LinkSpeed. Tí "Half" bá jáde níbi Duplex, ẹnì kan ti fọwọ́ yan ìyára lápá kan. Ẹ dá a padà sí Auto lápá méjèèjì.

Tó bá jẹ́ 100 ni ẹ rí, ẹ má tíì ju nǹkan kan nù. Ẹ mú wáyà kúkúrú kan tí ẹ mọ̀ pé ó dára, ẹ fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ibi tí sẹ́fà so mọ́. Tó bá di 1000, wáyà àtijọ́ ló ń jẹ̀bi. Ẹ wá wo orí wáyà àtijọ́ náà lójú ìmọ́lẹ̀. Ike rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ lè rí inú rẹ̀: orí okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ dé òpin iwájú, kí wọ́n fi orí kan ògiri ike náà, lábẹ́ eyín bàbà mẹ́jọ tó wà lókè. Tí ọ̀kan bá kúrú jù wọ́n lọ, ibẹ̀ ni ìgbín ti wọlé. Ẹ gé orí náà, kí ẹ fún orí tuntun. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ T568B nìyí, tí ẹ bá di orí náà mú kí ẹ̀gbẹ́ tó ní ahọ́n ike wà nísàlẹ̀, láti apá òsì: funfun-olómi-ọsàn, olómi-ọsàn, funfun-eléwé, búlúù, funfun-búlúù, eléwé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ ṣe orí méjèèjì bákan náà. Ẹ má tú lílọ́ okùn náà ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ wáyà wò, èyí tó ń tan iná 1 dé 8, kò wọ́n. Tí iná 7 bá fò, okùn 7 ni.

Ohun tí wáyà fi ṣe náà wà ńbẹ̀. Ẹ mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ha ara okùn kan díẹ̀. Bàbà gidi á pọ́n láti òde dé inú. Èyí tí wọ́n fi bàbà kun lórí alumíníọ̀mù á funfun bí fàdákà lábẹ́ àwọ̀ pupa náà. Wọ́n máa ń kọ CCA sára páálí rẹ̀, ìyẹn tí olùtajà bá jẹ́ olóòótọ́. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè gbé gigabit ní mítà mẹ́ta tàbí márùn-ún. Tí ẹ bá fà á gba orí sílìn lọ sí yàrá kejì, ó máa ń sọ nǹkan nù lójú ọ̀nà, ó sì tètè ń kán níbi tó bá ti tẹ̀. Tí ẹ bá ń rà á ní pílásà Banex tàbí Emab, ẹ béèrè bàbà gidi, ẹ sọ pé ẹ máa ha á wò. Cat5e tó jẹ́ bàbà gidi tó fún gigabit dé 100 mítà. Ilé kankan ní Kubwa kò gùn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìdí láti fi owó Cat7 ṣòfò.

Ẹ tọ ipa wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú ojú yín. Ilẹ̀kùn tó ń tì mọ́ ọn lórí, eku tó jẹ ẹ́ lókè sílìn, oòrùn tó ti sun ike rẹ̀ gbẹ níta ògiri, ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ wáyà iná jẹnẹrétọ̀: gbogbo wọn ló ń dín ìyára kù. Lórí sẹ́fà, "ip -s link show eth0" á fi iye àṣìṣe hàn lábẹ́ "errors". Tí nọ́ńbà yẹn bá ń pọ̀ sí i bí fáìlì ṣe ń kọjá, wáyà ń ṣàìsàn, kódà tí ethtool bá ń pariwo 1000.

Tí wáyà bá dára tí 100 ṣì wà níbẹ̀, ihò ráútà ni. Ọ̀pọ̀ ráútà 4G tó wà nílé wa, ihò 100 Mb/s ni wọ́n fi sí i. Wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, torí dátà tí wọ́n ń gbé kì í tó bẹ́ẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ráútà. Ẹ ra switch, àpótí tó ń so ọ̀pọ̀ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, kékeré oníhò márùn-ún tí wọ́n kọ 10/100/1000 sí lára. Ẹ má ra èyí tó jẹ́ 10/100 nìkan, torí wọ́n jọra bí ìbejì lórí àtẹ. Ẹ so sẹ́fà mọ́ ọn, ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kí ẹ wá fa wáyà kan ṣoṣo láti ara rẹ̀ lọ sí ráútà. Fáìlì tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ méjì lórí switch kan náà kò gba inú ráútà kọjá rárá. Ráútà ń bá ti dátà lọ ní tirẹ̀, fáìlì yín ń sáré ní 1000. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè fi owó rà fún ìṣòro yìí, èyí ni owó rẹ̀ kéré jù tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Wi-Fi

Òfin àkọ́kọ́: sẹ́fà kì í gbé orí Wi-Fi. Tí sẹ́fà bá wà lórí Wi-Fi tí láptọ́ọ̀pù náà sì wà lórí Wi-Fi kan náà, fáìlì kọ̀ọ̀kan á gun afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, láti sẹ́fà dé ráútà, láti ráútà dé láptọ́ọ̀pù, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyára á pín sí méjì.

Lórí láptọ́ọ̀pù Windows, ẹ kọ "netsh wlan show interfaces". Ẹ wo Channel àti Receive rate. Tí Channel bá jẹ́ 1 dé 13, 2.4 GHz ni ẹ wà. Tó bá jẹ́ 36 sókè, 5 GHz ni. Nọ́ńbà tó wà níbi Receive rate kò ní dé ọwọ́ yín tán. Ẹ máa rí bí ìdajì rẹ̀ gbà. Lórí 2.4 GHz, 72 Mb/s ni ó sábà máa ń jẹ́ fún ẹ̀rọ eléríàlì kan, ìyẹn bí 4 sí 5 MB/s lọ́wọ́. Lórí 5 GHz, 433 Mb/s á fún yín ní bíi 25 MB/s. Kì í ṣe pé Wi-Fi yín bàjẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn.

Àṣà kan wà nílé wa tó ń fa ìṣòro yìí: a máa ń gbé ráútà SIM sójú fèrèsé kó lè rí máàsì. Ojú fèrèsé yẹn sì jìnnà sí yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínínṣì mẹ́sàn-án méjì wà láàárín, irin ààbò fèrèsé wà, fíríìjì wà. 5 GHz kì í fẹ́ràn ògiri. Á rẹ̀ ẹ́, láptọ́ọ̀pù á wá bọ́ padà sórí 2.4. Ẹ jẹ́ kí ráútà dúró níbi tó ti ń rí máàsì, kí ẹ fa wáyà láti ara rẹ̀ wọ switch ní pálọ̀, kí ẹ so ẹ̀rọ Wi-Fi kejì mọ́ switch náà nítòsí ibi iṣẹ́. Ẹ fi í sí ipò access point, ìyẹn kó kàn máa pín Wi-Fi, kì í ṣe ipò ráútà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà di méjì. Tí ilé bá jẹ́ fúláàtì tí aládùúgbò mẹ́fà ní Wi-Fi tiwọn, ẹ yan Channel 1, 6 tàbí 11 fún 2.4 GHz, èyí tí kò kún jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó wà láàárín wọn á kàn máa bá ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jà ni. Ẹ sì fún 5 GHz ní orúkọ tirẹ̀ kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ wọ̀.

Ẹ wọn ojú ọ̀nà láìsí dísìkì níbẹ̀

Títí di báyìí, wáyà àti Wi-Fi la ń wò. Ètò iperf3, tó ń wọn ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, torí pé inú ráàmù ló ti ń mú ohun tó ń rán; kò kan dísìkì rárá. Lórí sẹ́fà:

iperf3 -s

Lórí láptọ́ọ̀pù:

iperf3 -c 192.168.1.20
iperf3 -c 192.168.1.20 -R

Èkíní ń rán nǹkan lọ sí sẹ́fà, èkejì ń gbà á wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gigabit tó pé á fún yín ní nǹkan bíi 940 Mbits/sec, 100 Mb/s á fún yín ní nǹkan bíi 94. Tí apá kan bá jẹ́ 940 tí èkejì jẹ́ 200, ẹ padà sí wáyà. Tí méjèèjì bá jẹ́ 940 tí fáìlì ṣì ń wọ́, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ kọjú sí dísìkì. Tí kò bá sopọ̀ rárá, ẹ ṣí port 5201 nínú firewall sẹ́fà, ìyẹn ètò tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Dísìkì

Ẹ wọ orí sẹ́fà fúnra rẹ̀, kí ẹ kọ fáìlì kan sórí dísìkì náà láìgba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi ojú ibi tí dísìkì yín wà rọ́pò /srv/data:

dd if=/dev/zero of=/srv/data/idanwo.bin bs=1M count=8192 conv=fdatasync

Ó máa kọ 8 GB, á sì sọ MB/s rẹ̀ fún yín ní ìparí. Láti kà á padà:

dd if=/srv/data/idanwo.bin of=/dev/null bs=1M iflag=direct

Ẹ pa idanwo.bin rẹ́ lẹ́yìn náà. Tí dísìkì yín bá ń fún fáìlì pọ̀ fúnra rẹ̀, bíi ZFS tí wọ́n ṣí compression rẹ̀, nọ́ńbà tí àkọ́kọ́ bá sọ kì í ṣe òótọ́, torí òdo lásán ló ń kọ. Ẹ fi fídíò gidi dán an wò. Háàdì dísìkì tó ń yí nínú, tó wà ní àlàáfíà, á fún yín ní 100 sókè. Tó bá wà láàárín 30 sí 40, ẹ wo ihò USB: ihò USB 3 sábà máa ń ní ahọ́n búlúù nínú. Raspberry Pi 4 ní ihò USB 3 méjì àti méjì tó jẹ́ USB 2, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àṣìmú wọn kò ṣòro. Tó bá jẹ́ Raspberry Pi 3 B ni, ẹ má wá ohun tí kò sí níbẹ̀: ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ 100 Mb/s látilẹ̀. Ti 3 B+ ni gigabit lórúkọ, àmọ́ inú USB 2 ló gbà, kì í ju bí 300 Mb/s lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ìròyìn dísìkì lẹ́nu òun fúnra rẹ̀:

sudo smartctl -a /dev/sda

Ẹ wá ìlà mẹ́ta. Current_Pending_Sector: tí kò bá jẹ́ òdo, dísìkì ń ka ibì kan ní àkàtúnkà, ìdí nìyẹn tí fáìlì fi ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó tún rìn. Ẹ da fáìlì yín kọ síbòmíràn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Reallocated_Sector_Ct: tó bá ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìtumọ̀ kan náà ni. UDMA_CRC_Error_Count yàtọ̀, wáyà tó wà láàárín dísìkì àti bọ́ọ̀dù ló ń fa ìyẹn. Ẹ pààrọ̀ wáyà SATA náà, nọ́ńbà náà kò ní padà sẹ́yìn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ síwájú mọ́.

Ti dísìkì tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó wá rẹ̀ ní àárín ọ̀nà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá SMR ni. Irú dísìkì bẹ́ẹ̀ ń kọ ìlà rẹ̀ gun ara wọn bí páànù orí òrùlé. Láti tún ìlà kan kọ, ó gbọ́dọ̀ tún àwọn tó gun un kọ. Ó ní àyè kékeré tó ń kọ́kọ́ kó nǹkan sí. Tí àyè yẹn bá kún, ìyára á já wálẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ háàdì dísìkì kékeré alágbèéká oníUSB ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Western Digital jẹ́wọ́ pé àwọn kan lára WD Red tó jẹ́ 2 TB dé 6 TB jẹ́ SMR. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ Red Plus jáde fún àwọn tí kì í ṣe SMR. Tí ẹ bá ń ra dísìkì fún sẹ́fà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ẹ wá a lójú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ rí CMR, ìyẹn èyí tí ìlà rẹ̀ kò gun ara wọn, kí ẹ tó sanwó. SMR kò burú fún fídíò tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ń wò. RAID, ìyẹn dísìkì púpọ̀ tí wọ́n so pọ̀ bí ẹyọ kan, ni kì í bá a lára mu.

Ohun kan tó wọ́pọ̀ jù tí wọn kì í fura sí: dísìkì tí wọ́n yọ lára Windows wá so mọ́ Linux láìtún un ṣe, NTFS, ìlànà tí Windows fi ń to fáìlì, ṣì wà lórí rẹ̀. Lórí ntfs-3g, ètò tí Linux fi ń ka NTFS, prọ́sẹ́sọ̀ kékeré á máa ṣe làálàá ju dísìkì lọ. Ẹ ṣí "top" nígbà tí fáìlì ń kọjá, tí mount.ntfs bá wà lókè pátápátá, ẹ ti rí i. Ẹ da fáìlì kọ síbòmíràn, ẹ sọ dísìkì náà di ext4, ìlànà ti Linux fúnra rẹ̀, kí ẹ dá fáìlì padà.

Iná, ooru àti ọyẹ́

Tí iná bá lọ lójijì lórí sẹ́fà tó ní RAID, nígbà tó bá padà dé, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn dísìkì wé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wákàtí púpọ̀ ló lè gbà, ohun gbogbo á sì lọ́ra títí tó fi máa parí. Ẹ kọ:

cat /proc/mdstat

Tí ẹ bá rí "resync" àti ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹ ní sùúrù; finish= á sọ ìṣẹ́jú tó kù. Tí iná bá tún lọ kó tó parí, iṣẹ́ náà á gùn sí i. Bitmap ń jẹ́ kó mọ ibi tó ti ń kọ nǹkan kí iná tó lọ, kó lè yẹ ibẹ̀ nìkan wò:

sudo mdadm --grow --bitmap=internal /dev/md0

Àmọ́ oògùn gidi ni UPS tàbí inverter, kódà èyí tó kéré jù tó lè gbé sẹ́fà àti switch fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ẹ sì fi ètò NUT sí i kí sẹ́fà lè pa ara rẹ̀ dáadáa kí bátìrì tó kú.

Lórí Raspberry Pi, iná tí kò tó ń jẹ́ kó rìn díẹ̀díẹ̀ láìkú. Ṣájà fóònù kọ́ ni wọ́n ṣe fún un. Pi 4 ń fẹ́ 5.1 V, 3 A. Ẹ kọ "vcgencmd get_throttled". Ìdáhùn 0x0 ló dára. 0x50005 ń sọ pé iná kò tó nísinsìnyí, ó sì ti ń dín ara rẹ̀ kù. Gbogbo ihò USB Pi 4 pọ̀ kò lè pèsè ju 1.2 A lọ, nítorí náà háàdì dísìkì méjì nílò hub tó ní iná tirẹ̀.

Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Abuja kò ní àánú fún ẹ̀rọ tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo Temperature_Celsius nínú smartctl. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ 45, kí ẹ sì gbé ìgbésẹ̀ tó bá ti ń sún mọ́ 55. Prọ́sẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Lẹ́yìn ọyẹ́, ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta, ẹ pa sẹ́fà, ẹ ṣí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ àti afẹ́fẹ́ gba eruku pupa kúrò lára fáànù àti ihò afẹ́fẹ́. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà yí nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lù ú.

Fọ́tò ẹgbẹ̀rún méjìlá

Ẹ fojú inú wo ẹni tó wọ òde ìnáwó, tó ń kí àgbàlagbà ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí SMB, èdè tí Windows fi ń bá sẹ́fà pààrọ̀ fáìlì, ṣe ń ṣe sí fáìlì kéékèèké nìyẹn: ó kan ilẹ̀kùn, ó béèrè, ó ṣí i, ó kà á, ó tì í, ó tún lọ sí ẹlòmíràn. Ká ní fáìlì kan ń fẹ́ ìlọ-bọ̀ mẹ́wàá, tí ping Wi-Fi yín sì jẹ́ 5 ms, fọ́tò 12,000 á ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìkíni nìkan kí ẹ tó ka ohun tó wà nínú wọn. Kò sí ráútà tó lè wo èyí sàn. Ẹ so wáyà, kí ping rẹ̀ lè wálẹ̀ sí abẹ́ 1. Lẹ́yìn náà, ẹ kí wọn lápapọ̀: lórí sẹ́fà, ẹ di fódà náà pọ̀ pẹ̀lú "tar -cf foto.tar foto/" kí ẹ gbé ẹyọ kan náà. Tí ẹ kò bá fẹ́ dì í, robocopy lórí Windows lè gbé ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà:

robocopy \\192.168.1.20\foto D:\foto /E /MT:16

Antivirus tó ń ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan wò náà ń fi kún un. Ẹ pa á fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wo ìyàtọ̀. Tó bá pọ̀, ẹ yọ fódà sẹ́fà náà kúrò lára ohun tó ń wò, kí ẹ sì tún tan antivirus náà.

Nínú smb.conf, fáìlì ìtòlẹ́sẹẹsẹ Samba tó ń pín fáìlì lórí sẹ́fà Linux, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "socket options" tó ní SO_RCVBUF tàbí SO_SNDBUF. Àwọn ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ló ń pín in kiri. Linux òde òní ń wọn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìlà yẹn ló ń dè é lọ́wọ́. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún Samba bẹ̀rẹ̀. Tí láptọ́ọ̀pù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí Windows 11 24H2 tí ìyára wá já wálẹ̀ lórí NAS àtijọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ̀dà yẹn lè máa fi dandan béèrè kí wọ́n fọwọ́ sí ìránṣẹ́ SMB kọ̀ọ̀kan, prọ́sẹ́sọ̀ tó lẹ ló sì ń sanwó rẹ̀. Ààbò ni, a kò dábàá pé kí ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀dà tuntun fún ètò orí NAS náà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, ẹ tún iperf3, dd àti smartctl ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta yẹn àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sórí bébà kékeré, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sẹ́fà. Ọjọ́ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹ tún wọn ọ́n, ẹ fi wé ti bébà; èyí tó bá já wálẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ tú wò.